Ta Ló Fa Ìlà Tó Gba Iwájú Ilé Yín Kọjá?

Bí ẹ bá ń gbọ́ wa nínú dáńfó, ẹ kú ìrìn. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ̀ ń kà á ni, nítorí dátà tó kù ò lè gbé ohùn, ẹ kú àmúmọ́ra, torí yín la ṣe máa ń tẹ gbogbo ètò wa síbí. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí ò sí nínú ohun tí mo ṣètò fún oṣù yìí. Àǹtí mi ló fà á.

Àǹtí mi ń gbé ní Brooklyn, ní New York. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, iṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n sì máa ń ṣe jù, nítorí náà nígbà tí wọ́n bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ láàárọ̀, oòrùn ti kan àtàrí lọ́dọ̀ tiwa. Àsìkò yẹn la máa ń sọ̀rọ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, wọ́n fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Máàpù ni. Wọ́n pín ìlú sí wẹ́wẹ́, wọ́n kun apá kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀, wọ́n sì kọ nọ́ńbà sí i lára. Àǹtí mi wá pè.

Wọ́n ní, "Wò ó, ìwọ tó o máa ń sọ̀rọ̀ ìṣèlú, kí ni nǹkan yìí? Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri níbi tá a ti ń fọṣọ. Wọ́n ní kí aráàlú wá sọ tẹnu wọn."

Mo ní, "Ẹkùn ìdìbò ni wọ́n ń tún pín, Àǹtí. Ẹ lọ sọ tẹnu yín."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Kí n lọ sọ kí ni? Green card ni mo ní. Mi ò lè dìbò. Kí n wá fi oorun mi sílẹ̀, kí n lọ jókòó sáàárín àwọn òyìnbó, kí n máa bá wọn jiyàn lórí ẹkùn tí mi ò ní dìbò nínú ẹ̀?"

Kí n má purọ́ fún yín, mi ò rí èsì gidi fún wọn lọ́jọ́ yẹn. Mo kàn ní kí wọ́n lọ sùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí, ohun tí mo rí ni mo fẹ́ bá yín pín.

Ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú New York, tí wọ́n ń pè ní City Council, ní ọmọ ẹgbẹ́ 51. Ìlú náà pín sí ẹkùn 51, ẹkùn kọ̀ọ̀kan ń yan ẹnì kan. Àwọn ló ń fọwọ́ sí ìsúnná ìlú, àwọn ló ń ṣe òfin ìlú, àwọn náà ló sì ń sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ nígbà tí oníṣòwò ilé bá fẹ́ yí òfin ilẹ̀ padà kó lè kọ́ ilé gogoro sí àdúgbò. Tí iná ò bá sí ní pápá ìṣeré àwọn ọmọ yín, ọ́fíìsì wọn lẹ máa lọ. Ẹ fi kánsẹ́lọ̀ wa nílé wé e, àmọ́ kánsẹ́lọ̀ tó ní ọ́fíìsì, tó ní owó, tí fóònù rẹ̀ sì ń ṣí.

Ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ka èèyàn tán ní Amẹ́ríkà, wọ́n gbọ́dọ̀ tún ìlà àwọn ẹkùn yìí fà, torí àwọn kan ti kó lọ, àwọn kan ti kó dé. Ní 2010, èèyàn 8,175,133 ni wọ́n kà ní New York. Ní 2020, 8,804,190. Èèyàn 629,057 ló fi lé. Ẹ gbé ẹ̀rọ ìṣirò inú fóònù yín jáde, ẹ pín 8,804,190 sí ọ̀nà 51: nǹkan bí 172,631 ló yẹ kó wà nínú ẹkùn kan. Tí ẹkùn kan bá wá ní 200,000 tí èkejì ní 150,000, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ẹkùn ńlá ti fi ara yín tọrẹ. Ìbò yín ò tẹ̀wọ̀n tó tẹnì kejì.

Ìlú yìí gan-an ti jẹ̀bi irú ẹjọ́ yìí rí. Kí 1989 tó dé, ìgbìmọ̀ kan wà tó ń jẹ́ Board of Estimate. Agbára ńlá wà lọ́wọ́ rẹ̀ lórí owó ìlú àti lórí ilẹ̀. Agbègbè ńlá márùn-ún ló wà ní New York: Manhattan, Brooklyn, Queens, Bronx àti Staten Island. Olórí agbègbè kọ̀ọ̀kan ní ìbò kan nínú ìgbìmọ̀ náà. Brooklyn ní ju mílíọ̀nù méjì èèyàn lọ, Staten Island ò tó ìdajì mílíọ̀nù, síbẹ̀ ìbò kan fún èyí, ìbò kan fún tọ̀hún. Àwọn ará Brooklyn kan ní àwọn ò gbà, wọ́n gba kóòtù lọ. Ó dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, àwọn adájọ́ sì sọ ní oṣù kẹta 1989 pé ètò náà kò bófin mu. Nígbà tí wọ́n tún ìlú tò, wọ́n pa Board of Estimate rẹ́, wọ́n sì sọ City Council di 51 láti 35, kí àwọn aláwọ̀ dúdú, àwọn tó ń sọ Spanish àti àwọn míì tí wọ́n máa ń pẹ́ lẹ́yìn lè rí ẹsẹ̀ gbé wọlé. Ará àdúgbò ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, kì í ṣe gómìnà, kì í ṣe sẹ́nétọ̀.

Ta ló wá ń fa ìlà? Ní New York, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 15 kan ni. Méyọ̀ yan 7, àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù nínú Council yan 5, ẹgbẹ́ tó kéré yan 3. Aṣòfin tó wà lórí àga ò lè jókòó nínú ẹ̀. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa o, olóṣèlú ló ṣì yàn wọ́n, wọ́n sì mọ ẹni tó yàn wọ́n. Ṣùgbọ́n ó yàtọ̀ sí kí olè fúnra rẹ̀ máa pín ẹrù.

Mo rántí Los Angeles níbi tí mo dé yìí. Lọ́hùn-ún, ọwọ́ Council fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn wà nígbà yẹn. Ní oṣù kẹwàá 2021, àwọn aṣòfin ìlú mẹ́ta jókòó pẹ̀lú olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan, wọ́n ń sọ bí àwọn ṣe fẹ́ kí ìlà rí. Wọn ò mọ̀ pé ẹ̀rọ ń gba ohùn wọn sílẹ̀. Lọ́dún kejì, ohùn náà bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn èèyàn gbọ́ èébú tí wọ́n ń bú ẹ̀yà yìí àti ẹ̀yà tọ̀hún nígbà tí wọ́n ń ṣírò ẹkùn. Nury Martinez, tó jẹ́ ààrẹ Council, fipò sílẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2024, àwọn ará Los Angeles dìbò pé kí wọ́n gba bírò lọ́wọ́ àwọn aṣòfin, kí ìgbìmọ̀ olómìnira máa fa ìlà.

Ẹnìkan lè bi mí pé, ìlà lásán, kí ló lè ṣe? Ẹ jẹ́ ká fi ilé 15 ṣe é. Àdúgbò kan ní ilé 15, kánsẹ́lọ̀ mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ yàn, ilé márùn-ún fún ẹnì kan. Ilé 9 fẹ́ kí owó àdúgbò lọ sórí omi. Ilé 6 fẹ́ kó lọ sórí ọ̀dà ojú títì. Ojú gbogbo wa ti rí i pé àwọn olómi ló pọ̀.

Ẹ wá gbé bírò fún mi. Bí mo bá jẹ́ ẹni tiwọn, màá fi olómi 3 àti ọlọ́dà 2 sínú ẹkùn kọ̀ọ̀kan. Àwọn olómi mú gbogbo ẹ̀, mẹ́ta sí òdo. Àwọn ilé 6 yẹn ò ní rí kánsẹ́lọ̀ kan ṣoṣo tó máa gbé ọ̀rọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́dà bá ti bá mi sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀ ńkọ́? Màá kó olómi 5 sínú ẹkùn kìíní, kí wọ́n fi gbogbo ìbò wọn wọlé lẹ́ẹ̀kan. Ẹkùn kejì, olómi 2, ọlọ́dà 3. Ẹkùn kẹta, olómi 2, ọlọ́dà 3. Ẹ ṣírò ẹ̀: olómi ṣì jẹ́ 9, ọlọ́dà ṣì jẹ́ 6. Ẹnikẹ́ni ò kó ilé, ẹnikẹ́ni ò jí àpótí ìbò, mi ò lo tọ́ọ̀gì. Àmọ́ ọlọ́dà ti mú kánsẹ́lọ̀ méjì nínú mẹ́ta. Ọ̀nà méjì péré ló wà nínú gbogbo idán yìí: ẹ tú àwọn èèyàn ká kí wọ́n má pọ̀ níbì kankan, tàbí kí ẹ kó wọn há sójú kan kí wọ́n má ní agbára níbòmíràn. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ní 1812, gómìnà Massachusetts kan, Elbridge Gerry, fọwọ́ sí ìpín ẹkùn kan tó wọ́ kọ́rọkọ̀rọ débi pé oníwèé ìròyìn ní ó jọ ẹranko salamander. Wọ́n so orúkọ rẹ̀ mọ́ orúkọ ẹranko náà, wọ́n pè é ní gerrymander, orúkọ yẹn ló sì kù títí dòní. Ọkùnrin náà di igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà o, ṣùgbọ́n ta ló rántí ìyẹn?

Ìdí nìyẹn tí òfin ìlú New York fi to ohun tí àwọn tó ń fa ìlà gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé, ní ipò ipò. Iye èèyàn ló kọ́kọ́ wá. Lẹ́yìn náà, ẹ̀tọ́ àwọn ẹ̀yà àti àwọn elédè tí òfin ẹ̀tọ́ ìdìbò ti 1965 dáàbò bò. Lẹ́yìn náà, pé kí wọ́n má fọ́ àdúgbò àti àwọn tí nǹkan ti so pọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó tiẹ̀ ní kí gígùn ẹkùn má ju ìlọ́po méjì ìbú rẹ̀ lọ. Èyí tó wù mí jù ni ti àwọn tí nǹkan so pọ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yà nìkan. Ó lè jẹ́ ọjà tí ẹ jọ ń ná, bọ́ọ̀sì tí ẹ jọ ń dúró dè, ilé ẹ̀kọ́, mọ́ṣáláṣí, omi tó ń ya wọ ilé yín bí òjò bá rọ̀. Kọ̀ǹpútà ò mọ ìwọ̀nyí. Ó mọ iye èèyàn, ó mọ òpópónà. Kò mọ̀ pé ibi tí ẹ ti ń ra èlùbọ́ wà ní òdìkejì títì, àfi tí ẹ bá sọ fún un.

Ìṣirò yìí le ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ wo Staten Island. Erékùṣù ni, èèyàn 495,747 ni wọ́n kà níbẹ̀ ní 2020. Wọ́n fẹ́ kí ẹkùn mẹ́ta wọn wà lórí erékùṣù wọn pátápátá, kí ìlà má gba orí afárá wọ Brooklyn. Ó dáa. Ẹ pín in sí mẹ́ta, 165,249 ni. Ó kéré sí 172,631 tí a ṣírò lẹ́ẹ̀kan. Òfin ìpínlẹ̀ sì ní àlàfo tó wà láàárín ẹkùn tó tóbi jù àti èyí tó kéré jù kò gbọ́dọ̀ ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé kò sí ẹkùn kankan nínú 48 tó kù tó lè ju nǹkan bí 173,880 lọ. Bẹ́ẹ̀, tí ẹ bá pín àwọn èèyàn tó kù sí 48, nǹkan bí 173,093 ló kan ẹkùn kọ̀ọ̀kan. Àyè tó kù kí ẹkùn kan fi mí ò ju èèyàn bí 800 lọ! Ilé gogoro méjì lè kún un. Nítorí pé wọ́n ṣe oore fún erékùṣù kan, gbogbo Bronx, Queens, Brooklyn àti Manhattan há mọ́ra. Bí ẹ bá sún ìlà kan ní Queens, ẹkùn mẹ́rin míì ló máa sún. Mo ti ṣe irú ẹ̀ rí nígbà tí mo ń pín àwọn èèyàn sórí tábìlì níbi ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi, mo sì mọ ohun tí ojú mi rí, ìyẹn èèyàn 300 péré.

Àwòrán àkọ́kọ́ jáde ní oṣù keje 2022, ariwo sì sọ. Ní Brooklyn, Red Hook àti Sunset Park jọ wà nínú ẹkùn 38 tẹ́lẹ̀. Etí omi ni àwọn méjèèjì wà, ilé ìkẹ́rù àti ọkọ̀ akẹ́rù ló kún ibẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń sọ Spanish àti àwọn tó wá láti Ṣáínà ló pọ̀ nínú wọn. Àwòrán oṣù keje ya Red Hook sọ́tọ̀ kúrò lára Sunset Park. Àwọn ará ibẹ̀ ò dákẹ́. Wọn ò kàn sọ pé inú ń bí àwọn. Wọ́n sọ̀rọ̀ ilé ìkẹ́rù, wọ́n sọ̀rọ̀ èéfín ọkọ̀, wọ́n sọ̀rọ̀ ilé ìjọba tí àwọn ń gbé àti ìjì Sandy tó gbé omi wọlé bá wọn ní 2012. Wọ́n ní ìyà tó ń jẹ wá ọ̀kan náà ni, aṣòfin kan náà la fẹ́ kó máa gbọ́ ẹjọ́ wa. Nígbà tí máàpù tó kẹ́yìn jáde, àwọn méjèèjì tún wà pọ̀.

Àwọn kan ò rí bẹ́ẹ̀ mú bọ̀. Ní Richmond Hill, ní Queens, àwọn tó ti Punjab wá àti àwọn tó ti Guyana àti Trinidad wá ti ń sọ láti ọdún pípẹ́ pé wọ́n fọ́ àdúgbò àwọn sínú ẹkùn púpọ̀ débi pé kò sí aṣòfin tó ka àwọn sí oníbàárà pàtàkì. Wọ́n wá, wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n tún padà wá.

Gúúsù Brooklyn náà ni wọ́n ti ya ẹkùn tuntun kan, nọ́ńbà 43, tí àwọn ará Asia ti pọ̀ ju ìdajì lọ. Wọ́n ti pọ̀ níbẹ̀ tipẹ́, ìlà ló ń tú wọn ká. Ní oṣù kọkànlá 2023, Susan Zhuang wọlé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹkùn ò ṣeé bí láìfún ẹlòmíràn mọ́lẹ̀. Torí pé wọ́n tún ibẹ̀ tò, aṣòfin méjì tó wà lórí àga, Justin Brannan àti Ari Kagan, bá ara wọn nínú ẹkùn kan náà, nọ́ńbà 47. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ padà sílé. Kagan ló padà. Ẹ wá rí ìdí tí olóṣèlú kì í fi ojú rere wo bírò tó bá wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù wá ni ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án 2022. Lọ́jọ́ yẹn ló yẹ kí ìgbìmọ̀ náà fọwọ́ sí àwòrán tí wọ́n ti tún ṣe, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Council. Gbogbo èèyàn rò pé ó ti parí. Wọ́n dìbò, àwọn 8 ní rárá, àwọn 5 ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n kọ iṣẹ́ ọwọ́ ara wọn! Àwọn kan ní ọwọ́ méyọ̀ wà nínú ẹ̀, àwọn kan ní ariwo aráàlú ni. Èmi rò pé méjèèjì ni, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lójú mi. Wọ́n padà sídìí tábìlì, ní ọjọ́ 6 oṣù kẹwàá 13 nínú wọn gbà á, ẹnì kan ṣoṣo ló kọ̀.

Kí n padà sọ́dọ̀ Àǹtí mi. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìpè àkọ́kọ́ yẹn, èmi ni mo pè. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ní 2020, ṣé wọ́n kà yín?" Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn kún fọ́ọ̀mù lórí fóònù. Mo ní, "Ẹ ti wà nínú ẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ni wọ́n kà, àti ọmọ ọwọ́, àti onígreen card, àti ẹni tí ò ní ìwé. Ẹ wà nínú 172,631 tí aṣòfin yẹn ń ṣojú. Ẹ kò tíì lè yàn án, ṣùgbọ́n ẹrù yín wà lórí ẹ̀." Mo tún sọ fún wọn pé ní New York, ẹni tó wà lẹ́wọ̀n pàápàá, àdírẹ́sì ilé rẹ̀ ni wọ́n ń kà á sí nígbà tí wọ́n bá ń pín ẹkùn, kì í ṣe ìlú tí ẹ̀wọ̀n wà.

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ó dáa. Kí ni kí n kọ?"

A jọ kọ ọ́ lórí WhatsApp. Wọ́n ń fi ohùn ránṣẹ́, mo ń tẹ̀ ẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ohun tí wọ́n sọ ni pé kí Ọlọ́run fún àwọn aláṣẹ ní ọgbọ́n. Mo ní àmín, Àǹtí, àmọ́ ẹ sọ ibi tí ẹ ti ń wọ bọ́ọ̀sì fún wọn. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bọ́ọ̀sì tí wọ́n ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, pé bí ó bá ti di agogo mọ́kànlá alẹ́, àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn olùtọ́jú arúgbó ló máa ń kún inú ẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ra iṣu àti ẹja gbígbẹ. Ìta ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ wọn ń lọ, níbi tí àwọn Haiti, àwọn Jamaica àti àwọn Nàìjíríà ti máa ń dúró de ọmọ. Wọ́n ní, "Sọ fún wọn pé àwọn tá a jọ ń ṣe nǹkan ló wà lápá méjèèjì títì náà. Kí wọ́n má fi ìlà sáàárín wa." Gbogbo ẹ̀ ò ju ojú ewé kan lọ. Wọ́n fi ránṣẹ́ lórí ímeèlì, wọ́n sì lọ sùn. Mi ò ní sọ fún yín pé lẹ́tà yẹn ló yí nǹkan kan padà. Mi ò gbà pé ẹnì kan jókòó, ó sunkún lórí ọ̀rọ̀ ẹja gbígbẹ.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń sọ pé, "Bọ̀dá, Amẹ́ríkà nìyẹn." Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá sílé. Ìkànìyàn tó kẹ́yìn ní Nàìjíríà, 2006 ni. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yẹn ti ní káàdì ìdìbò báyìí. Nínú ìkànìyàn yẹn, wọ́n ní èèyàn 1,277,714 ló wà ní Alímọ̀ṣọ́. Wọ́n ní 209,437 ló wà ní Lagos Island. Aṣojú mélòó ni Alímọ̀ṣọ́ ní ní ilé aṣojú-ṣòfin l'Ábújá? Ẹyọ kan. Mélòó ni Lagos Island ní? Méjì. Ẹ má tíì bínú, ẹ kọ́kọ́ ṣírò ẹ̀. Aṣojú kan fún nǹkan bí 1,277,700 ní ìhà kan, aṣojú kan fún nǹkan bí 104,700 ní ìhà kejì. Ìbò ará Ìsàlẹ̀ Èkó kan tó nǹkan bí ti ará Alímọ̀ṣọ́ 12. Ìyẹn sì jẹ́ pẹ̀lú iye tí wọ́n kà ní 2006. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé Ìkọ̀tún, Ìgándò àti Ìpájà mọ bí ibẹ̀ ṣe rí lónìí.

Òfin ilẹ̀ wa ò fọwọ́ sí i bẹ́ẹ̀. Ìwé òfin 1999 sọ pé iye èèyàn inú ẹkùn gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba níwọ̀n bó bá ṣe lè ṣeé ṣe, ó sì fún INEC lágbára láti tún ìlà fà. Àwọn ẹkùn tí à ń lò, 1996 ni wọ́n ti pín wọn, lábẹ́ ìjọba ológun. Ẹnikẹ́ni ò lẹ máàpù mọ́ ògiri ibi ìfọṣọ fún bàbá yín kí ó wá sọ tẹnu rẹ̀.

Ìbẹ̀rù kan sì wà nídìí ẹ̀, mi ò ní fojú di í. Ìlà ti pa èèyàn nílẹ̀ yìí. Ní 1997, ọ̀rọ̀ ibi tí orílé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ̀ East máa wà wà lára ohun tó tún dá ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ sílẹ̀, ilé jó, ẹ̀mí lọ. Ní Warri náà, lọ́dún kan náà, orílé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni. Bàbá kan tó rí ti Ifẹ̀ yẹn sọ fún mi pé kí n má máa sọ̀rọ̀ ìlà ní gbangba, pé ó ń jí òkú. Mo gbọ́ wọn. Ṣùgbọ́n àwọn ìlà tó dá ìjà yẹn sílẹ̀, ẹnì kankan ò bi ará àdúgbò léèrè kí wọ́n tó fà á. Òru ni wọ́n fà á, a jí láàárọ̀, a bá a lórí rédíò.

Ó dáa, kí n sọ ìdí tí mo fi gbé e wá lọ́sẹ̀ yìí gan-an. Ní oṣù kejìlá 2021, Council New York ṣe òfin kan pé kí onígreen card lè dìbò nínú ìdìbò ìlú. Àǹtí mi ti ń retí ẹ̀. Kóòtù dí i lọ́nà, ní oṣù kẹta 2025 ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà sì fọ́ ọ pátápátá. Wọn ò dúró. Wọ́n ti kọ́kọ́ kọ ìwé tiwọn sílẹ̀, wọ́n ṣe ìdánwò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n gbọ́wọ́ sókè, wọ́n búra, wọ́n di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Wọ́n fi fídíò ránṣẹ́, wọ́n wọ ìró àti bùbá, gèlè yẹn ga débi pé ẹni tó wà lẹ́yìn wọn ò ríran.

Mo ní ẹ kú oríire, Àǹtí. Wọ́n ní ẹ ṣé, ẹ ṣé. Ohun tí wọ́n béèrè tẹ̀ lé e nìyí: "Máàpù ọjọ́sí yẹn, ṣé ó ṣì wà lórí fóònù rẹ? Nọ́ńbà mélòó ni tèmi?"

Mo ti ń wá a láti àárọ̀. Fóònù tí mo lò nígbà yẹn ti bàjẹ́, àmọ́ máàpù náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí mo bá ti rí nọ́ńbà tiwọn, ẹ̀yin náà ẹ wo tiyín: wọ́ọ̀dù wo lẹ wà, ta ni kánsẹ́lọ̀ yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ ibí. Ẹni tí ò bá mọ̀ kó sọ bẹ́ẹ̀, èmi náà ò mọ tèmi títí di ọdún tó kọjá. Ẹ pàdé mi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ owó ilé ló kàn, ẹ sì mọ̀ pé ìyẹn ò ní tètè parí.